Ta Ló Sanwó Ọ̀nà? Ìtàn Ọ̀nà Mọ́tò Àtijọ́ tó Gba Abúlé Ẹ̀gbá Kọjá

Ẹni tó bá ti Agége gba Oko Ọba bọ̀ wá sí Abúlé Ẹ̀gbá yóò rí ọ̀rọ̀ kan lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìwé aládàáni. Àwọn kan kọ "Old Abeokuta Road", àwọn mìíràn kọ "Old Otta Road". Ọmọ tó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agbòòrùn níbẹ̀ kò mọ ìgbà tí ọ̀nà náà jẹ́ tuntun, ta ni yóò sì bi í? Lójú tirẹ̀, òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta ni ọ̀nà. Èyí tí òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí, àdúgbò lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò kúrò ní Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, tàbí kó tibẹ̀ dé Ìbàdàn, apá ibí ni yóò gbà. Ajẹ́lẹ̀ gbà á, oníṣòwò kòkó gbà á, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ pẹ̀lú àpótí lórí ọkọ̀ akẹ́rù gbà á.

Wọn ò ti ọ̀nà náà pa o. Danfó ṣì ń ná an, Márúwá náà ṣì ń ná an. Ipò rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì bá ipò náà lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ wádìí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó la ọ̀nà. Ìbéèrè yẹn rọrùn jù, torí ìjọba ló máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ni. Èyí tó máa ń ṣí ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ni pé: ta ló sanwó rẹ̀? Ẹni tó sanwó kì í sí lára pátákó. Inú ìwé ẹ̀bẹ̀ ló máa ń wà, inú rìsíìtì, inú ẹjọ́ ilẹ̀, àti inú ogun nígbà mìíràn.

Kí mọ́tò tó dé, orí àti èjìká ni ẹrù ń gbà kọjá ní ilẹ̀ yìí. Láti ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830 ni ọjà ti ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín wọn àti etí òkun. Àwọn kan ń fi ọkọ̀ ojú omi gba odò Ògùn, àwọn alárùú ń gba orí ilẹ̀ àwọn Àwórì kọjá ní apá Ọ̀tà àti Agége. Oníbodè ló ń gbowó lójú ọ̀nà nígbà náà. Bí ìjà bá bẹ́ láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó, bodè ni wọ́n kọ́kọ́ ń tì, gbogbo ọjà Èkó àti Marina á sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lókè. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá, Egba United Government, bẹ̀rẹ̀ ní 1898, owó bodè yìí ni òpómúléró àpò wọn. Oníṣòwò ló ń san án, ó ń gbé e lé orí ọjà, ẹni tó ra ọjà ló sì san án gan-an. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́ ju mọ́tò lọ.

Irin rélùwéè ló wá da nǹkan rú. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Ìdó. Ó gba Agége, ó gba Ìfọ̀, ó dé Abẹ́òkúta, nígbà tó fi di 1901 rélùwéè ti ń ná Ìbàdàn déédéé. Agége jẹ oyin ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbẹ̀ ńlá ibẹ̀, bí J. K. Coker, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907, ní ibùdókọ̀ tí kòkó wọn lè gbà dé Èkó, obì tiwọn náà sì wọ rélùwéè lọ sí òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ìjọba tó ti kó owó ńlá sórí irin kò ní fẹ́ la ọ̀nà tí yóò máa bá irin du ẹrù. Òfin tí a kò kọ sára ògiri nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọ̀nà mọ́tò gbọ́dọ̀ máa kó ẹrù wá fún rélùwéè, kò gbọdọ̀ bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà.

Ìdí nìyí tí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà kò fi ti Èkó bẹ̀rẹ̀. Ní 1906, nígbà ìjọba Gómìnà Walter Egerton, wọ́n la ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ìbàdàn ni irin wà. Ọ̀yọ́ ni irin kò ní dé, torí Òṣogbo ni wọ́n yí irin gbà lọ sí Ìlọrin. Mọ́tò ìjọba fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ná ọ̀nà náà, ó ń kó èrò, lẹ́tà àti ẹrù wá bá rélùwéè. Ẹni tó bá gba Mọ́níyà, Fìdítì àti Ìlọrà lọ sí Ọ̀yọ́ lónìí, ó yẹ kó mọ̀ pé ibi tí ìtàn mọ́tò orílẹ̀-èdè yìí ti bẹ̀rẹ̀ ló ń gbà kọjá yẹn. Kò sí pátákó tó sọ bẹ́ẹ̀ tó tóbi tó ti àwọn tó ń polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Ta ló wá sanwó irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀? Ajẹ́lẹ̀ kì í gbé ọkọ́. Á ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ọba, ọba á ránṣẹ́ sí baálẹ̀, baálẹ̀ á pín in fún agbo ilé: ẹ mú èèyàn wá, ẹ mú ọkọ́ àti àdá wá, ẹ mú oúnjẹ ara yín dání. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á gé gbòǹgbò, wọ́n á ru yangí lórí, wọ́n á gbún un mọ́lẹ̀. Bí òjò bá wọ́ ọ lọ, wọ́n á tún pè wọ́n. Ẹni tí kò bá wá, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ń dúró dè é. Iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba kọ́bọ̀ kan. Bí a bá fẹ́ ṣírò iye tí ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá ná ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ oko tí àwọn èèyàn yìí pàdánù kún un.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ọ̀rọ̀ náà ti dojú rú. Òmìnira wọn parí ní 1914. Ní 1918, ìjọba Gómìnà Lugard fagi lé owó bodè, ó sì gbé owó orí dé dípò rẹ̀. Èèyàn tó ti ń fi ara ṣe iṣẹ́ ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́ tún wá gbọ́ pé òun yóò máa san owó lórí ara kan náà. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà ni Ogun Àdùbí bẹ́. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, wọ́n pa Òṣilẹ̀, ọba Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà. Ìjọba kó sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Jámánì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé lọ bá wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sì kú. Nígbà tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀dùn ọkàn tí àwọn èèyàn kó síwájú wọn. Akọ̀wé ìtàn ọ̀nà tí kò bá ka ìwé Ogun Àdùbí ti fo ojú ewé tó níye lórí jù lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin olówó kan rò pé òun rí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sanwó ọ̀nà. William K. Vanderbilt Kékeré fẹ́ràn ìdíje eré mọ́tò. Ní 1906, ọdún kan náà tí wọ́n la ti Ọ̀yọ́, mọ́tò pa ẹnì kan lára àwọn òǹwòran níbi ìdíje rẹ̀ ní Long Island, lẹ́gbẹ̀ẹ́ New York, níbi tó ti jẹ́ pé títì gbogbogbòò ni wọ́n ń sáré lé. Ó dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n la ọ̀nà tó jẹ́ ti mọ́tò nìkan: ẹṣin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, ọ̀nà mìíràn kò gbọdọ̀ dá a kọjá, afárá ló ń gba orí àwọn yòókù lọ. Apá àkọ́kọ́ ṣí ní oṣù kẹwàá 1908. Nígbà tó gùn tán, ó tó máìlì márùnlélógójì. Dọ́là méjì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lẹ́nu ibodè, owó tó pọ̀ gan-an láyé ìgbà yẹn. Ìdíje 1910 tún pa èèyàn, wọ́n sì dá eré sísá níbẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ New York, lábẹ́ ọwọ́ Robert Moses, la ọ̀nà tó fẹ̀ ju ti Vanderbilt lọ sí tòsí ibẹ̀, láìgbowó. Ta ni yóò tún máa sanwó? Owó ibodè já wálẹ̀ títí dé ogójì sẹ́ǹtì. Ní 1938 wọ́n ti ọ̀nà náà pa, wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ dí gbèsè owó orí tí iléeṣẹ́ jẹ ìjọba. Apá kan rẹ̀ ní Queens ti di ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ báyìí, àwọn tó sì ń wá ìtàn rẹ̀ ń tọ ipasẹ̀ kọnkéré rẹ̀ lẹ́yìn ilé onílé.

Mo mẹ́nu ba Vanderbilt nítorí pé ohun tó pa ọ̀nà tirẹ̀ náà ló pa tiwa: ọ̀nà tó fẹ̀ jù ú lọ ni wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé tirẹ̀ ní ìwé ìṣirò owó, tiwa ní ọba àti baálẹ̀.

Ní Èkó, àwọn aráàlú kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó wọ ọ̀rọ̀ mọ́tò. W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ Èkó àkọ́kọ́ tó ń kó mọ́tò wọlé, tó ń tún un ṣe, tó sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1930. Charlotte Olajumoke Obasa, ọmọ R. B. Blaize tó ní ìtẹ̀wé, ló bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ èrò Àǹfààní ní Èkó ní nǹkan bí 1913, ìyẹn ni pé obìnrin wà nídìí òwò ọkọ̀ nílùú yìí kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò. Láti 1929 ni ará Gíríìkì kan, J. N. Zarpas, ti ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò, títí Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó fi ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1958. Bí mọ́tò ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀nà ń gùn kúrò nínú ìlú: ó gba Ìdí-Òro, Mùṣin, Òṣòdì, Ìkejà, ó ń bá irin rìn lọ sí Agége. Orúkọ tí wọ́n fún un ṣì wà lẹ́nu wa dòní, Agege Motor Road. Ọ̀pọ̀ mọ ọ̀nà yìí nítorí ilé Fẹlá tí àwọn sójà jó níbẹ̀ ní 1977. Ìwọ̀nba ni ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n ṣe ń dárúkọ mọ́tò mọ́ títì. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà jẹ́ ti ẹsẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ ni orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Láti Agége, ọ̀nà náà ń bá Oko Ọba lọ, ó gba Abúlé Ẹ̀gbá níbi tí àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá ti dó, ó gba Ìjàyè, Alágbado àti Alákùkọ, ó sì bọ́ sí Sàngó Ọ̀tà. Kí ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù tó di ohun tí a ń ná, apá ibí ni mọ́tò Èkó ń gbà dé Ìbàdàn. Bọ́lẹ̀kájà ni ọba ọ̀nà yìí: ara rẹ̀ pákó, àga rẹ̀ pákó, ọ̀rọ̀ ìgboyà kan lókè orí rẹ̀, ìyá alátẹ nínú, ewúrẹ́ lábẹ́ àga, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Dẹ́rẹ́bà ń gba owó tó kéré sí ti rélùwéè, ó sì ń dúró síbi tí ìyá bá ní kó dúró. Rélùwéè kò lè ṣe ìyẹn. Ìjà irin àti mọ́tò yìí gba gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan. Ní Gold Coast, tó di Gánà lẹ́yìn náà, ìjọba ṣe òfin ní 1936 láti dín ẹrù tí ọkọ̀ akẹ́rù lè kó lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin kù. Mọ́tò ló borí níbi gbogbo.

Níbo ni èèyàn yóò ti rí ìwé ọ̀nà yìí? Àwọn tó ń wádìí sábà máa ń sáré lọ sí Ilé Àkójọ Ìwé Àtijọ́ ti Orílẹ̀-èdè tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tó ti ọ̀dọ̀ Kenneth Dike àti iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 wá. Wọ́n á béèrè fáìlì Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń pè ní Abe Prof, wọ́n á kà á tán, Abúlé Ẹ̀gbá kò ní sí níbẹ̀. Kò lè sí níbẹ̀. Láyé amúnisìn, Ọ̀tà wà lábẹ́ ẹkùn Abẹ́òkúta. Agége àti Abúlé Ẹ̀gbá wà lábẹ́ Kọ́lónì Èkó, inú fáìlì Comcol, ti Kọmíṣọ́nnà Kọ́lónì, ni tiwọn wà. Ohun tí olórí méjèèjì bá fẹ́ bá Gómìnà sọ yóò tún bọ́ sínú CSO, fáìlì ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà Ìjọba. Ọ̀nà kan ṣoṣo, àpótí ìwé mẹ́ta. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gba Kọ́lónì mọ́ra láàárín ọdún 1950 sí 1960, Ìpínlẹ̀ Èkó dá dúró ní 1967, Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1976, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń kó láti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ààlà gbà kọjá, asán ni yóò máa wá.

Lẹ́yìn fáìlì, ìwé ìròyìn Yorùbá. Èkó Àkéte tí Adéoyè Dẹ́nígà dá sílẹ̀ ní 1922, Elétí Ọfẹ tó tẹ̀lé e ní 1923, Akéde Èkó ti I. B. Thomas láti 1928. Ìròyìn olówó, ìròyìn olóṣèlú, àwọn wọ̀nyẹn ni èèyàn máa ń wá níbẹ̀. Fún ìtàn ọ̀nà, ẹ wo ojú ewé tí wọ́n ti ń polówó mọ́tò, ti ìjàǹbá, àti lẹ́tà àwọn òǹkàwé tó ń ráhùn. Aráhùn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù fún ọ̀nà, torí kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn láti sọ pé títì dán.

Ohun kẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni kò sì sí ẹni tó ń wò: pláànù ilẹ̀. Ní Alímọ̀ṣọ́, ní apá ibí, ìdílé wo ni kò tíì bá ẹnì kan dé kóòtù lórí ilẹ̀? Ìwé tí wọ́n bá kó wá, ó máa ń ní àwòrán tí àwọn tó wọn ilẹ̀ yà, ààlà rẹ̀ ń bá ọ̀nà rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀nà lọ́dún náà wà níbẹ̀, ìbú rẹ̀ wà níbẹ̀, déètì wà níbẹ̀. Ẹ to mẹ́ta mẹ́rin irú rẹ̀ jọ láti ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó rí ọ̀nà náà bó ṣe ń fẹ̀ sí i tó sì ń pa orúkọ dà. Agbẹjọ́rò fi í jà, kò sì mọ̀ pé ìtàn ìlú lòun kó sínú fáìlì.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ dúró ní orítá Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ fi ojú wé ọ̀nà méjèèjì. Ti àtijọ́ ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún, torí àwọn tó fi ọkọ́ là á kò ní ẹ̀rọ tí yóò gé òkè. Ibi tí ilẹ̀ ga tí omi kò ní dúró ni wọ́n tẹ̀ lé. Àwọn ilé tó dàgbà lẹ́bàá rẹ̀ kọjú sí i, fàráńdà wọn ò ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ sí títì, torí mọ́tò tí wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé kì í sáré. Ti márosẹ̀ tọ́ gbọọrọ, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n wó. Ẹ má sì gbàgbé pé apá òsì ni wọ́n ń gbà wa mọ́tò lórí ọ̀nà àtijọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún.

Owó epo rọ̀bì ló la márosẹ̀ náà láàárín ọdún 1970 sí 1980, àkókò kan náà tí wọ́n ń ṣe ti Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 1978. Owó tí kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni jáde ní tààràtà ni, ó dà bí ẹni pé ọ̀nà ti di ọ̀fẹ́. Kò pẹ́ tí ibodè fi padà dé. Wọ́n kọ́ tóògéètì sí ẹnu ààlà Èkó àti Ògùn, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ onímọ́tò, títì sì ń bàjẹ́ lọ níwájú àti lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gbà á. Ìjọba Ọbásanjọ́ wó àwọn tóògéètì ìjọba àpapọ̀ láàárín 2003 sí 2004. Kọndọ́ ṣì ń pè é títí di àárọ̀ yìí: "Tóògéètì wọlé!" Ibùdókọ̀ ni báyìí, bíi ti Kọ́líńtìn lọ́hùn-ún tí wọ́n fi orúkọ olórin Fújì pè. Afárá Abúlé Ẹ̀gbá ṣí ní 2017, ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Òṣòdì sí ibí tẹ̀lé e ní 2020. Owó orí wa àti gbèsè tí ìjọba jẹ lórúkọ wa ló ṣe é, orúkọ gómìnà ló sì wà lára òkúta.

Ìdájọ́ tèmi ni pé àwọn tó sanwó ọ̀nà àtijọ́ náà jù lọ, àwọn tó ru yangí lórí, ni kò tíì sí pátákó kankan fún. Ìjọba ìbílẹ̀ ìdàgbàsókè Agbádó Òkè-Odò, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lójú ọ̀nà yìí, lè kọ ọdún àti ìtàn díẹ̀ sórí pátákó kan ní orítá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà lè ṣe tiyín. Bí bàbá yín bá wa bọ́lẹ̀kájà lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ wá láísẹ́ǹsì rẹ̀ jáde. Bí pláànù ilẹ̀ ìdílé yín bá ti pẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí ìyá àgbà kan ní ilé yín bá rántí ẹni tí wọ́n kó lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà, ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ fún olùkọ́ ìtàn ní ilé ìwé tó bá sún mọ́ yín jù.